Fífi Ètò Ìṣiṣẹ́ Kẹta sórí Kọ̀ǹpútà Iṣẹ́ Pápá: Àpẹẹrẹ láti Kèrè

1. Ìfáárà

Ẹni tó ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Kèrè, láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà, kì í sábà ní ju kọ̀ǹpútà kan lọ. Windows wà lórí rẹ̀ fún FLEx tí a fi ń ṣe ìwé atúmọ̀. Ubuntu wà níbẹ̀ fún ìtúpalẹ̀ ohùn. A lè fi Fedora ṣe ẹ̀kẹta, kí a lè dán irinṣẹ́ tuntun wò láìfọwọ́ kan ibi tí iṣẹ́ wà. Ohun tó wà nínú ewu ni ohùn tí a ti gbà: àgbà tó ti papò dà kò ní tún ìtàn rẹ̀ sọ.

2. Ibi tó lẹ́gẹ́ jù

Bí a bá tan kọ̀ǹpútà òde òní, UEFI ni ó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Yóò wo ìpín kékeré kan lórí dísìkì, EFI System Partition, níbi tí ètò kọ̀ọ̀kan ti ní àpò tirẹ̀. Fedora yóò kàn fi tirẹ̀ kún un ni. A kò gbọdọ̀ nu ìpín yìí. Ó dà bí ẹnu-ọ̀nà agboolé: ẹni tó dí i kò wó yàrá kankan, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí yóò ráyè wọlé.

3. Ìgbésẹ̀

(i) Ṣe ẹ̀dà gbogbo ohùn sórí dísìkì mìíràn, kí o sì ṣí díẹ̀ gbọ́.

(ii) Nínú Windows, kọ kọ́kọ́rọ́ BitLocker sílẹ̀ bí ó bá wà, pa Fast Startup, kí o sì dín ìpín Windows kù.

(iii) Má ṣe gbà kí Fedora nu gbogbo dísìkì. Fi í sí àyè tó ṣófo. Lo ìpín EFI tó ti wà ní /boot/efi láìnù ún.

(iv) Láti GRUB 2.06 (2021), GRUB kì í fúnra rẹ̀ wá àwọn ètò yòókù mọ́. Bí Ubuntu kò bá hàn, kọ GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false sínú /etc/default/grub, kí o sì jẹ́ kí GRUB tún àtòkọ rẹ̀ ṣe.

4. Aago

Linux ka aago ẹ̀rọ sí UTC. Windows kà á sí aago ìlú. Bẹ̀nẹ̀ fi wákàtí 1 ṣíwájú UTC, nítorí náà fáìlì tí a kọ ní aago 10 nínú Windows lè gbé aago 9. Àṣẹ timedatectl set-local-rtc 1 nínú Linux méjèèjì yóò mú wọn bára mu. Síbẹ̀, ìwé pápá ni kí a gbà gbọ́.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ètò tó bá bàjẹ́ ṣeé tún fi sí i. Ohùn tó bá sọnù kò ní àtúnṣe. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ ṣe.