Abẹ́rẹ́ Oṣooṣù Tàbí Ọ̀bẹ Ẹ̀ẹ̀kan: Nígbà Tí Jẹjẹrẹ Prostate Bá Dé Eegun

Bí dókítà bá sọ fún yín pé jẹjẹrẹ prostate bàbá yín ti kúrò lábẹ́ àpò ìtọ̀, tí ó ti wọ eegun ẹ̀yìn, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ béèrè ni pé, ‘Ṣé yóò san?’ Ní ipele yìí, kì í sábà tán pátápátá. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kí bàbá máa rìn, kí wọ́n sì máa sùn láìkérora. Ìbéèrè tí ó wá kù ni pé: kí ni a óò san, kí ni a óò sì rí gbà?

Ní ọdún 1941 ni Charles Huggins àti Clarence Hodges fi hàn ní Chicago pé testosterone, èròjà akọ tí kórópọ̀n ń pèsè, ni ó ń bọ́ jẹjẹrẹ yìí. Huggins gba ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Orí ìpìlẹ̀ yẹn ni ìtọ́jú ṣì dúró lé: yálà kí a fi iṣẹ́ abẹ yọ kórópọ̀n, tàbí kí a máa gba abẹ́rẹ́ bíi goserelin ní ọjọ́ 28 sí 28, tàbí ọ̀sẹ̀ 12 sí 12.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe òbúkọ tí à ń tẹ̀ lọ́dàá. Àwọn ọmọ dá owó abẹ́rẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Ní oṣù karùn-ún, owó ilé-ìwé wọlé dé, abẹ́rẹ́ sì fo oṣù méjì. Kí a tó mọ̀, ẹ̀yìn ti tún ń ro bàbá. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò là yé wọn ni pé iṣẹ́ kan náà ni abẹ́rẹ́ àti ọ̀bẹ ń ṣe. Nínú méjèèjì, ìfẹ́ obìnrin yóò dínkù, ooru yóò máa bo ara lójijì, eegun yóò sì máa fẹ́lẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró, èròjà akọ lè padà, jẹjẹrẹ náà yóò sì tẹ̀lé e. Ti ọjọ́ ayé ni, owó rẹ̀ kì í tán. Ẹ̀ẹ̀kan ni ti ọ̀bẹ, wọ́n sì lè ṣe é láìmú ènìyàn sùn. (Ẹni tí ó bá yan abẹ́rẹ́, kí ó béèrè oògùn oníhóró tí à ń lò ṣáájú àkọ́kọ́, nítorí abẹ́rẹ́ náà kọ́kọ́ máa ń gbé èròjà akọ sókè.)

Nítorí pé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ni mo kà, bàbá bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo ní òótọ́ ni pé a kò gbọdọ̀ tẹ ènìyàn lọ́dàá, ṣùgbọ́n ti ìwòsàn yàtọ̀. Ọ̀ranyàn a máa sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́. Ìyàwó wọn ni ó kọ́kọ́ gbà, kí bàbá fúnra wọn tó gbà.

Àwọn oògùn mìíràn wà tí à ń fi kún èyí. Ìwádìí CHAARTED tí a tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé àwọn tí ó gba docetaxel ní ìgbà mẹ́fà mọ́ ìtọ́jú yìí lo nǹkan bí oṣù 58 láyé ní ìdajì iye wọn, nígbà tí àwọn tí kò gbà á lo oṣù 44. Àwọn tí jẹjẹrẹ ti gbilẹ̀ lára wọn ni ó ṣe ní oore jù. Ṣùgbọ́n ó ń pa agbára ẹ̀jẹ̀, ó sì ń mú ọwọ́ òun ẹsẹ̀ kú tipiri. Bí ibà bá dé láàárín rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ ní òru ọjọ́ náà.

Abiraterone jẹ́ oníhóró, mẹ́rin lóòjọ́ láìjẹun, pẹ̀lú prednisone. Ó wọ́n. Ìwádìí kékeré kan ní 2018, lára ọkùnrin 72, rí i pé hóró kan pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ tí kò lọ́ràá ṣe é fi wé mẹ́rin. Ẹ má dá a ṣe. Ẹ bi dókítà yín.

Bí eegun kan bá ń dunni jù, ìtànṣán ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè mú ìrora náà rọlẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀, ó rọrùn ju ọ̀pọ̀ lọ. Bí ẹsẹ̀ bàbá bá sì ń rọ lójijì, tàbí tí ìtọ̀ há, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá.