Owó Eyín Di Owó Ìbọn

Kó tó di ọdún 1948, bí ojú bá ń ṣe bàìbàì fún tálákà ní Ìlú Ọba, ilé ìtajà Woolworths ni í gbà lọ. Awò wà nílẹ̀ lórí tábìlì níbẹ̀. Yóò mú ọ̀kan wọ̀, yóò fi wo ìwé, bí kò bá ríran yóò mú òmíràn, títí yóò fi kan èyí tó sàn díẹ̀. Ti eyín tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn mìíràn a ní kí wọ́n yọ gbogbo eyín àwọn dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ìnáwó eyín lè tán.

Ní ọjọ́ 5, oṣù Keje, ọdún 1948, ètò ìlera ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní NHS bẹ̀rẹ̀. Aneurin Bevan, ọmọ awakùsà láti Wales, ni mínísítà tó gbé e kalẹ̀. Èrò wọ́ tọ awò àti eyín àtọwọ́dá lọ ju bí ìjọba ṣe rò lọ.

Ọdún méjì péré ni ogun Kòríà fi tẹ̀ lé e. Ìjọba ẹgbẹ́ Labour ṣèlérí pé àwọn yóò ná 4,700 mílíọ̀nù pọ́ùn sórí ohun ìjà láàárín ọdún mẹ́ta. Nínú ètò ìṣúná oṣù Kẹrin, 1951, mínísítà ètò ìnáwó, Hugh Gaitskell, ní kí aráàlú máa san ìdajì owó awò àti eyín àtọwọ́dá. Iye tí wọ́n ń retí níbẹ̀ lọ́dún náà jẹ́ 13 mílíọ̀nù pọ́ùn. Ẹ ṣírò ó wò: kò tó pọ́ùn kan nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fẹ́ fi ra ìbọn lọ́dún kan.

Bevan kọ̀wé fipò sílẹ̀, Harold Wilson àti John Freeman, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọba, sì tẹ̀ lé e. Àánú tálákà nìkan kọ́ ló ń ṣe Bevan. Ó ní irin àti ẹ̀rọ tí àwọn iléeṣẹ́ yóò fi ṣe ohun ìjà ọ̀hún kò sí nílẹ̀, pé owó náà kò ní ṣe é ná tán. Lóṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni Labour fìdí rẹmi nínú ìbò. Churchill tó gbàjọba, jagunjagun paraku, òun fúnra rẹ̀ ló dín eré ètò ohun ìjà náà kù.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ eyín? Lójú tèmi, nígbà tí owó ìbọn bá ń wá ibi tí yóò ti jẹun, kì í wo ibi tí owó pọ̀ sí. Ibi tí ariwo kò ti ní pọ̀ ló ń wò. Lọ́dún 1951, wọ́n ṣi ibẹ̀ rí.

Lóṣù Kejì ọdún 2025, wọn kò ṣì í rí mọ́. Keir Starmer, olórí ìjọba láti ẹgbẹ́ Labour bíi tàná, kéde pé nígbà tó bá fi máa di 2027, ìnáwó ààbò yóò tó 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé ìlú náà. Rọ́ṣíà ń bá Ukraine jà, ẹ̀rù náà kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n inú owó ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti bù ú: nínú ọgọ́rùn-ún pọ́ùn tó ń wọlé fún ìlú náà, àádọ́ta pẹ́nì tí wọ́n ń yọ sílẹ̀ yóò di ọgbọ̀n. Anneliese Dodds, mínísítà tó ń bójú tó owó náà, fipò sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Òun náà fara mọ́ ọn kí owó ààbò pọ̀ sí i. Kí gbogbo rẹ̀ ti ibì kan ṣoṣo wá ni kò fara mọ́. Ariwo yẹn kò pẹ́ nílẹ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń jẹ nínú owó náà, ìyá tó sì gbọ́mọ pọ̀n lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Òkè Ọya kò ní ìbò kankan láti dì ní London.

Wilson tó bá Bevan fipò sílẹ̀ di olórí ìjọba lọ́dún 1964. Ó fagi lé owó tí aráàlú ń san fún oògùn NHS ní 1965, ó sì dá a padà ní 1968. Ti eyín ní tirẹ̀, láti 1951, kò sí ìjọba tó mú un kúrò. Ní England lọ́dún 2025, kí oníṣègùn NHS kàn yẹ eyín ẹni wò lásán, pọ́ùn 27.40 ni.