Ẹ̀jẹ̀ Inú Itọ́ Àárọ̀: Àrùn Erìgì Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ẹnu Nìkan

Bí ẹ bá ń fi orín fọ ẹnu láàárọ̀, tí ẹ tutọ́, tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, kí ni ẹ máa ń ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa fi omi yọ ẹnu, a ó ní orín náà ló le jù, a ó sì gba ọjà tàbí oko lọ. Àmọ́ àwọn oníṣègùn eyín ní erìgì tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́ kò dá ṣáṣá, àìsàn rẹ̀ sì lè kan gbogbo ara.

Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) gbé jáde ní ọdún 2022, àwọn tí àrùn erìgì ti wọ̀ lára gan-an lé ní bílíọ̀nù 1 káàkiri ayé.

Ìdọ̀tí àti kòkòrò àrùn tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí eyín ló ń fà á. Bí a kò bá tètè fọ̀ ọ́ kúrò, á le bí òkúta. Erìgì á wú, á pọ́n, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Tó bá pẹ́, á ṣí kúrò lára eyín, egungun tó di eyín mú á máa jẹ, eyín á sì máa mì. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé kì í sábà dunni, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń fi í falẹ̀.

Erìgì tó ti di egbò dà bí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kòkòrò ẹnu ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn olùwádìí ti rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rá tó dí iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn alárùn ọkàn. Àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí erìgì wọn kò dá. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2012 pé kò tíì sí ẹ̀rí pé erìgì gan-an ló ń fa àrùn ọkàn, nítorí tábà àti ọjọ́ orí ń dá kún méjèèjì.

Ti àtọ̀gbẹ ló dájú jù. Ní ọdún 1993, onímọ̀ eyín Harald Löe pe àrùn erìgì ní ìṣòro kẹfà tí àtọ̀gbẹ ń fà. Àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́: bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ara kì í lè bá kòkòrò jà dáadáa, erìgì á bàjẹ́, bí erìgì bá sì bàjẹ́, ṣúgà kì í fẹ́ wálẹ̀. Ẹnìkan lè máa lo oògùn rẹ̀ déédéé, kó máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ, kí ṣúgà rẹ̀ má sì lọ sílẹ̀ tó bó ṣe yẹ, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì wo ẹnu rẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé bí wọ́n bá tọ́jú erìgì alátọ̀gbẹ, ṣúgà rẹ̀ a máa dínkù díẹ̀.

Kí ni ká ṣe? Ẹ fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pàápàá kí ẹ tó sùn. Orín dára, OMS fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i ní ọdún 1987. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dé eyín ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ inú, kì í ṣe iwájú nìkan. Ẹ má tìtorí ẹ̀jẹ̀ pa fífọ ẹnu tì. Ẹ jáwọ́ nínú tábà àti aáṣáà. Omi iyọ̀ lè tu erìgì lára, ṣùgbọ́n kò lè yọ ìdọ̀tí tó ti di òkúta. Oníṣègùn ló lè há a kúrò.

Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ń wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ṣúgà yín wò. Ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ, kó ní kí wọ́n wo erìgì òun. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.