Olùkọ́ Tuntun, Ẹ̀kọ́ Rẹ Kò Tíì Parí

Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀mí-ìn ni. Òwe yìí bá gbogbo oníṣẹ́ wí, ṣùgbọ́n ó bá olùkọ́ wí jù. Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ìyá ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí NCE, tí ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ìwé-ẹ̀rí dà bí ìkòkò tuntun. Kò sọ ẹni tí ó rà á di alásè. Ẹni tí ó mọ ọbẹ̀ sè a máa tọ́ ọ wò lórí iná. Bí iyọ̀ kò bá tó, a fi kún un. Kì í dúró dìgbà tí àlejò bá yọ ṣùtì sí oúnjẹ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí olùkọ́ máa tọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ní 1983, Donald Schön, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ pé oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ a máa ronú nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, a sì tún máa ronú lẹ́yìn tí ó bá parí.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Ẹ ra ìwé kékeré kan. Kí ẹ tó kúrò ní kíláàsì, nítorí pé ọmọ àti ìkòkò kò ní í gbà yín láyè nílé, ẹ fi ìṣẹ́jú 10 dáhùn ìbéèrè 3: Kí ni mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ lónìí? Ta ni kò yé? Kí ni n ó yí padà lọ́la?

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò sọ pé ìdámẹ́rin pọ̀ ju ìdajì lọ, nítorí pé mẹ́rin ju méjì lọ. Olùkọ́ tí kò ronú yóò pariwo pé olódo ni wọ́n. Èyí tí ó ronú yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì mú búrẹ́dì méjì wá lọ́jọ́ kejì. Yóò pín ọ̀kan fún ọmọ méjì, èkejì fún ọmọ mẹ́rin. Ojú wọn yóò là kíákíá!

Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ó sún Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1970. Dípò kí wọ́n di ẹ̀bi ru ọmọ, èdè tí a fi ń kọ́ ọ ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún 6 gbáko ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa.

Ẹ má dá ronú. Ẹ bẹ tíṣà àgbà tí ẹ fọkàn tán pé kó wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì yín, kí ẹ sì gba ìmọ̀ràn rẹ̀ láìbínú. Ẹ tún máa lọ sí ẹ̀kọ́ àkànṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ NTI ní Kàdúná, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976, wà fún olùkọ́ tí kò fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù, ẹ jókòó ti baálé yín, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí owó, àti lórí ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ.

Ọmọ tí a ń pè ní olódo lójoojúmọ́ yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni òun jẹ́. Ó lè jẹ́ ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọ ni kò dára. Ìṣẹ́jú 10 yẹn lè gba ọmọ ọlọ́mọ là.