Bí Àwọn Baba Wa Ṣe Ń Ka Owó

Bí ẹ bá wọ ọjà Trade Fair, ní ọ̀nà Badagry ní Èkó, ẹ wo ọlọ́jà tí ó ń to agolo. Bí ó bá to mẹ́tàdínlógún, yóò wí pé, "Ó ku mẹ́ta kí ó pé ogún." Ohun tí ẹ̀tàdínlógún túmọ̀ sí gan-an nìyẹn: ogún tí ó dín mẹ́ta.

Ọmọ ilé ìwé a máa fi èyí rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ẹ̀wá àti eéje kọ́ ni 17 ni? Èéṣe tí àwọn àgbà fi lọ́ ọ pọ̀ báyìí?" Ibi tí ó ti ṣì í ni pé ó ń fi ojú ìwé wo ohun tí kò ti inú ìwé wá. Ọwọ́ ni ó ti wá.

Owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń ná láyé ìjọ́un. Ní ọdún 1887, òyìnbó oníwàásù kan, Adolphus Mann, kọ bí wọ́n ṣe ń kà á sínú ìwé. Wọn a da owó sílẹ̀. Ẹni tí ó ń kà á a jókòó tì í, a máa fa márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá fà á nígbà ogún, ó di ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì ni igba. Igba yìí ni òkìtì wọn.

Ẹ wá wo orúkọ wọn:

Igba mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, 600.
Igba márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún, 1,000.
Igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, 2,000.
Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, 20,000.

Bí òkìtì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ó rọrùn láti sọ iye tí ó kù. Nítorí náà ni 500 fi jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta: ẹgbẹ̀ta tí ó dín ọgọ́rùn-ún.

Ìwé òde òní a máa kọ àádọ́ta báyìí: (20 × 3) − 10. Kò burú, ó fi ìdí orúkọ náà hàn. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé alátà ń ṣe ìṣirò yìí kí ó tó pe àádọ́ta. Orúkọ lásán ni lẹ́nu rẹ̀. Èdè Faransé tí wọ́n ń sọ ní Kútọnu náà ń pe 80 ní ogún mẹ́rin, kò sì sí ẹni tí ó ń ronú kí ó tó pè é.

Àṣìṣe kejì ni àpọ́njù. Odù Ifá jẹ́ 256, èyí ni 16 lọ́nà 16. Ojú kan tàbí ojú méjì ni babaláwo ń tẹ̀. Nítorí pé 0 àti 1 ni kọ̀ǹpútà ń lò, àwọn kan ní babaláwo ti ṣe kọ̀ǹpútà láyé àtijọ́. Wọ́n jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Babaláwo ń tẹ̀ ẹ́ kí ó lè mọ odù tí yóò kì ni, kì í ṣe láti ro owó pọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé, kí ẹ tó mọ A, B, D ni ẹ ti ń tà, tí ẹ ń rà, tí ẹ ń fún oníbàárà ní ṣẹ́ńjì tí kò dín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé pẹ́ńsù ni ó mú ìṣirò wá. Bí ọmọ yín bá tún fi ẹ̀tàdínlógún rẹ́rìn-ín, ẹ ka ogún òkúta sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ mú mẹ́ta kúrò, kí ó ka ìyókù. Yóò yé e.