Bí Rọ́kẹ́ẹ̀tì Bá Já, Kí Ló Kàn Wá?

Àwa ọmọ Yorùbá tó fi Àbújá ṣelé mọ ọ̀nà Lọ́kọ́jà dáadáa. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, omi bo ọ̀nà náà, ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò sì há sójú títì. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni sátẹ́láìtì tó ń wo ilẹ̀ wúlò. Á máa ya àwòrán láti òkè, kí ìjọba lè rí ibi tí omi ti kún àti ibi tí oko ti ń gbẹ.

Lugbe níbí, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, ni NASRDA tó ń bójú tó iṣẹ́ náà wà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, rọ́kẹ́ẹ̀tì Dnepr ti Rọ́ṣíà gbé NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X lọ láyọ̀.

Ṣùgbọ́n irú rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ti já rí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2006, Dnepr kan gbéra ní Baikonur, ní Kazakhstan, pẹ̀lú sátẹ́láìtì 18. Kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tí ẹ́ńjìnnì fi kú, gbogbo ẹrù bá já lulẹ̀. BelKA, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí Belarus fẹ́ máa fi wo ilẹ̀, wà níbẹ̀. Ọdún 2012 ni wọ́n tó rí òmíràn gbé lọ.

Kí ló dé tó fi le tó bẹ́ẹ̀? Rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ṣe dánfó téèyàn lè pa sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí mẹkáníìkì wò ó. Kí sátẹ́láìtì tó lè máa yí ayé po, ó gbọ́dọ̀ sáré tó kìlómítà méje àtààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú kó tó bá eré yẹn, ilẹ̀ ló ń bọ̀.

Nàìjíríà náà ti pàdánù rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè lọ́hùn-ún ni tiẹ̀ ti bàjẹ́. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2008, iná tán lára NigComSat-1, tó wà fún ìbánisọ̀rọ̀. Torí pé wọ́n ti ṣe adójútòfò fún un, China fi NigComSat-1R rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2011 láìgba owó míì. Owó ò bọ́, àmọ́ ọdún mẹ́ta lọ.

Ọdún méje ni wọ́n ṣe NigeriaSat-2 fún, ó sì ti kọjá. Nítorí náà, bí ìjọba bá fẹ́ gbé tuntun lọ, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n: ṣé adójútòfò wà? Ṣé èkejì wà nílẹ̀ bí àkọ́kọ́ bá já? Igi kan ò lè dá igbó ṣe, omi Lọ́kọ́jà ò sì ní dúró dè wá.