Eegun Mẹ́ta Inú Etí

Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ń yan ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ìbọn ń dún, kí ni ó ń gbé ìró náà wọ inú etí wa?

Ìró a máa mi afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ a sì lu awọ kan nínú etí bí ẹni lu ìlù. Eegun mẹ́ta ni ó tò tẹ̀ lé awọ yìí. Èkíní dà bí òòlù, èkejì bí owú alágbẹ̀dẹ, ẹ̀kẹta bí irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ẹ̀kẹta yìí, tí ó tó nǹkan bí mìlímítà 3, ni ó ń ti fèrèsé kékeré kan tí omi wà lẹ́yìn rẹ̀.

Omi le ju afẹ́fẹ́ lọ láti mì. Ṣùgbọ́n awọ náà fẹ̀ tó ìlọ́po 17 fèrèsé yìí. Agbára tí ó tàn kálẹ̀ wá kó jọ sójú kan, bí orí ìṣó àti ẹnu rẹ̀.

Ẹṣin ní mẹ́ta bíi tiwa. Adìẹ ní ẹyọ kan.

Iṣan kékeré kan a máa fa àwọn eegun yìí le bí ariwo bá pọ̀, ṣùgbọ́n ìbọn a ti dún tán kí ó tó fà á. Lọ́mọdé, mo dúró ti ìbọn, etí mi sì hó di ọjọ́ kejì. Irun tíntìntín tí ń gbọ́ ìró nínú etí wa, bí ó bá kú, kì í hù mọ́. Ẹ fi ọwọ́ di etí kí ìbọn tó dún. A kì í rí etí rà lọ́jà.